Ọgbà Ìgbafẹ́ àti Ìfojúsọ́nà: Àríyànjiyàn lórí Ohun Tí Ó Ń Pẹ́ Kí Ó Tó Dé

Òwe Yorùbá méjì ni ó sábà máa ń pàdé lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí iṣẹ́ kan bá pẹ́ kí ó tó parí. Ẹni tí ó ní sùúrù a ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko." Ẹni tí ara ń kán a dá a lóhùn pé, "Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko." Kò sí èyí tí ó parọ́ nínú òwe méjèèjì. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ ìgbà tí ó tọ́ kí a pa ti àkọ́kọ́, àti ìgbà tí ó tọ́ kí a pa ti èkejì.

Àríyànjiyàn yìí kan ọ̀nà, ó kan afárá, ó sì kan ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ó ti le ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lérò lọ, ibẹ̀ náà ni ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn olólùfẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ káàkiri àgbáyé a máa ka ọdún, wọn a máa ka oṣù, wọn a sì máa bi ara wọn léèrè pé èé ṣe tí ohun ìran tuntun fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé. Ẹni tí ó bá dúró sí èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, tí ó ń wo omi ọ̀sà lọ sí ọ̀nà Èkó, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òun. Láti èbúté yìí ni àwọn ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Erékùṣù Èkó àti Fálómọ̀, àwọn kan fún iṣẹ́, àwọn kan fún ọjà, àwọn mìíràn láti mú ọmọ lọ wo ohun tí ojú wọn kò tíì rí. Ìtàn bí àwọn ohun ìran Èkó àti ilẹ̀ Yorùbá ṣe dé, tàbí bí wọn kò ṣe dé, jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́

Eré kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba ńlá wa ta ayò, wọ́n ja ìjàkadì, wọ́n sì pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá. Ṣùgbọ́n ọgbà tí a mọ odi yí ká, tí a ń san owó kí a tó wọ̀ ọ́, tí ẹ̀rọ sì ń gbé ni sókè sódò nínú rẹ̀, láti Yúróòpù ni ó ti tàn ká. Ọgbà Tivoli ní ìlú Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark, ṣí ní ọdún 1843, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1893, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Chicago ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Ferris gbé kẹ̀kẹ́ ńlá kan dúró tí ó ga tó nǹkan bí mítà 80, tí ó ń gbé ènìyàn yí po nínú òfuurufú. Orúkọ ọkùnrin náà ni wọ́n fi ń pe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Walt Disney ni ó yí ọgbà ìgbafẹ́ padà di ibi tí ìtàn ti ń di ohun tí a lè rìn wọ inú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1954 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Disneyland ní ìpínlẹ̀ California. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1955, ìlẹ̀kùn ṣí. Ọdún kan péré ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé kò sí ìdí tí iṣẹ́ kankan fi yẹ kí ó pẹ́. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn fi tíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú wọlé, èrò sì pọ̀ ju bí ọgbà náà ti lè gbà lọ. Ọ̀dà ojú ọ̀nà kò tíì gbẹ dáadáa, bàtà gogoro àwọn obìnrin sì ń rì sínú rẹ̀. Nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ omi, omi mímu kò tó nínú oòrùn líle. Àwọn ẹ̀rọ kan bàjẹ́ kí ọjọ́ tó lọ. Ọgbà náà là á já, ó sì di olókìkí. Síbẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ìkánjú ní owó tirẹ̀ tí a ń san.

Ilé tí ó dúró ní òfìfo

Disney kan náà tí ó fi ọdún kan kọ́ odindi ọgbà ni ó tún fi ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ láìṣí fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 1963, ògiri òde Haunted Mansion, ilé àwọn iwin, ti dúró gbọnyin ní Disneyland. Pátákó kan wà níwájú rẹ̀ tí ó ń pe àwọn iwin kí wọ́n wá gba ibùgbé. Àwọn ọmọdé ń kọjá, wọ́n ń yọjú, wọn kò sì rí ọ̀nà wọlé. Inú ilé ṣófo. Disney ti kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi àfihàn àgbáyé tí ó wáyé ní New York ní ọdún 1964 àti 1965. Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọn ayàwòrán kò fohùn ṣọ̀kan: àwọn kan fẹ́ kí ilé náà dẹ́rù ba ènìyàn, àwọn kan fẹ́ kí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Disney fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1966. Oṣù Kẹjọ ọdún 1969 ni ilé náà tó ṣí. Ẹ̀rù àti ẹ̀rín ni ó wà nínú rẹ̀ pọ̀, àwọn ènìyàn sì ṣì ń tò síbẹ̀ títí di òní.

Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ ti pín sí ọ̀nà méjì, ìjà náà sì tún gbóná ní àìpẹ́ yìí. Ní ọdún 2016, ẹ̀rọ eré kan tí a ń pè ní TRON ṣí ní Shanghai, lórílẹ̀-èdè China. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ilé iṣẹ́ Disney kéde pé irú rẹ̀ ń bọ̀ ní Florida. Oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni ó tó ṣí fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tí inú ń bí mú àpẹẹrẹ Empire State Building wá: àjà 102 ni ilé gogoro New York yẹn ní, oṣù Kẹta ọdún 1930 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1931. Wọ́n ní, bí baba àwọn bá lè kọ́ èyí láàárín oṣù mẹ́tàlá, kí ni ó ń dí ọmọ lọ́wọ́ tí ó fi ń lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà lórí ẹ̀rọ eré tí wọ́n ti kọ́ irú rẹ̀ rí? Wọ́n tún ní owó ìwọlé ń gòkè, nígbà tí ohun tuntun kò tètè dé.

Àwọn onísùúrù náà ní ìdáhùn tiwọn. Wọ́n ní àrùn kòrónà ti ọgbà náà pa fún oṣù bíi mẹ́rin ní ọdún 2020, ó sì dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ kú lẹ́nu iṣẹ́ Empire State Building, àti pé òfin ààbò ti yàtọ̀ sí ti ayé ìgbà náà. Wọ́n tọ́ka sí ọgbà tuntun Epic Universe ti ilé iṣẹ́ Universal: wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n dá iṣẹ́ dúró ní 2020, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ó sì ṣí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Ọ̀rọ̀ ààbò yìí kì í ṣe àwáwí lásán. Ní Battersea ní London, ọgbà eré kan wà tí wọ́n ṣí fún ayẹyẹ ọdún 1951. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ọkọ̀ eré tí ń gun òkè kan tú kúrò lára okùn tí ń fà á, ó yí padà sẹ́yìn, ọmọ márùn-ún sì kú. Kò ju ọdún méjì lọ tí ọgbà náà fi kógbá sílé. Òbí tí ó bá rántí èyí kò ní bínú bí wọ́n bá ní kí ó dúró díẹ̀ kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò.

Ìfojúsọ́nà ní ilẹ̀ wa

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, a ti mọ ìfojúsọ́nà tipẹ́. Lẹ́yìn àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní Dakar ní oṣù Kẹrin ọdún 1966, Nàìjíríà ni ó yẹ kí ó gba àlejò èkejì ní ọdún 1970. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 dí i lọ́wọ́. Wọ́n sún un sí 1975. Ìfipágbàjọba oṣù Keje ọdún náà tún dà á rú. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1977 ni FESTAC tó bẹ̀rẹ̀. Ìdúró ọdún méje ni, ṣùgbọ́n ìdí wà fún un tí gbogbo ènìyàn rí. Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kọ́ nítorí rẹ̀ ní Igánmú dògbólógbòó, ó sì bàjẹ́ nítorí àìtọ́jú. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká ní 2024, wọ́n sì tún un ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Èyí fi hàn pé ohun ìran lè dé lẹ́ẹ̀kan, kí á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbàdàn ní ìtàn tirẹ̀. Ọgbà Àgodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 fún ẹranko àti igi, ni omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 bà jẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe, kí wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún omíyalé náà ti di òbí kí ó tó rí ọgbà náà ní ipò tí ó yẹ. Ní ìlú kan náà ni ọgbà Transwonderland wà, ibi tí àwọn ẹ̀rọ eré ńlá ti ń gbé ọmọdé yí po. Nígbà tí Noo Saro-Wiwa, ọmọ Ken Saro-Wiwa, kọ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ yí ká Nàìjíríà tí ó jáde ní 2012, orúkọ ọgbà yìí ni ó fi sọ ìwé náà. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ó bá níbẹ̀ ni ó ti dákẹ́. Níbẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun ni ó pẹ́. Ohun tí ó ti dé rí ni kò rí olùtọ́jú.

Èyí tí ó dun ni jù ni ti Àgbádárìgì. Ní ọdún 2009, ìròyìn tàn ká ayé pé Marlon Jackson, ọ̀kan nínú àwọn olórin Jackson Five, wà lára àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ ńlá kan síbẹ̀. Iye owó tí wọ́n dá lé e jẹ́ bílíọ̀nù 3.4 dọ́là. Ilé ìtura yóò wà níbẹ̀, pápá gọ́ọ̀fù yóò wà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jackson Five yóò wà, ilé ìrántí àwọn ẹrú yóò sì wà pẹ̀lú. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ yóò wà fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà yóò sì padà wá wo ibi tí wọ́n ti kó baba ńlá wọn lọ. Àwọn mìíràn ní kò tọ́ kí a máa ṣe fàájì ní ibi tí a ti fi ẹ̀wọ̀n sí ènìyàn lọ́rùn. Àwọn méjèèjì jiyàn títí, ṣùgbọ́n ibi ìgbafẹ́ náà kò dúró. Àgbádárìgì ṣì ní ọjà ẹrú Vlekete, ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní 1845, ó sì ní ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà lọ sí etíkun. Ohun ìran ti wà nílẹ̀ kí olówó tó ṣe ìlérí.

Ìpakodò, Oníkàn àti ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn

Fún ọmọ Ìpakodò, ìfojúsọ́nà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì: yóò retí ohun ìran, yóò sì retí ọ̀nà tí yóò gbé e débẹ̀. Ní ọdún 1983, ìjọba Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin fún Èkó. Ìjọba ológun Muhammadu Buhari fagi lé e ní 1985. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Buhari kan náà, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, ni ó wá ṣí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù láti Marina sí Mile 2. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Ogójì ọdún ni láti ìlérí dé ìmúṣẹ. Ìkòròdú kò sí lórí ipa ọ̀nà yẹn. Ọ̀nà ọkọ̀ BRT láti Mile 12 sí Ìkòròdú, tí ó ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, àti ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò, ni ó ń dín ìyà ìrìn àjò kù fún wọn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì sọ̀ kalẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, kí ni yóò wò? Ní Oníkàn, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí a fi sọrí John Randle wà níbẹ̀. Dókítà Randle ni ó kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928, nítorí pé àwọn òyìnbó amúnisìn kò pèsè ibi tí ọmọ adúláwọ̀ ti lè kọ́ omi wíwẹ̀. Kò ṣe é fún eré nìkan: ní ìlú tí omi yí ká, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ wà nínú ewu, èyí tí ará Ìpakodò kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé fún un. Adágún náà bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ ilé àṣà náà pẹ̀lú adágún tuntun. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n ó tún pẹ́ lẹ́yìn náà kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí fún gbogbo ènìyàn. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Freedom Park wà, ọgbà tí ayàwòrán ilé Theo Lawson fi rọ́pò ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti Broad Street, tí ó ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń retí tuntun ni àtijọ́ ń lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinúbu Square, ilé àwọn àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Àwọn olólùfẹ́ Florida náà mọ irú ìrora yìí. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n ti erékùṣù Tom Sawyer pa níbẹ̀, èyí tí ó ti wà láti 1973, kí wọ́n lè fi àyè rẹ̀ kọ́ ohun mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń pariwo pé ohun tuntun kò yá ni ó tún sunkún nígbà tí ti àtijọ́ lọ.

Ìkòròdú fúnra rẹ̀ kò ṣàìní ìtàn tí a lè fi han àlejò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, ogun Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà nítorí ọ̀nà òwò, àwọn ọmọ ogun tí Glover rán láti Èkó sì tú wọn ká. Omi ọ̀sà kan náà tí ọkọ̀ Ìpakodò ń gbà lónìí wà láàárín Èkó àti Ìkòròdú nígbà náà. Kò pọn dandan kí a retí bílíọ̀nù dọ́là kí olùkọ́ tó lè kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde, kí ó sì fi ìtàn náà hàn wọ́n ní ojú ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀yọ̀ fi kọ́ wa

Yorùbá ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ nípa bí a ṣe ń retí ohun ìran. Ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde hàn kedere: ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni. Ti Ẹ̀yọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yọ̀ kì í jáde lọ́dọọdún. Ìdí pàtàkì ni ó ń gbé e jáde, bíi kí a bu ọlá fún ẹni ńlá tí ó ti lọ. Lẹ́yìn ti oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ó di oṣù Kejìlá ọdún 2025 kí Ẹ̀yọ̀ tó tún gba ìgboro Èkó. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ àṣà kò ní sọ pé wọ́n tan òun jẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó dá ọjọ́ fún un tí ó sì yẹ̀ ẹ́.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà. Ìpẹ́ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ilé àwọn iwin pẹ́ ọdún mẹ́fà, FESTAC pẹ́ ọdún méje, Ẹ̀yọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń ba ọkàn jẹ́ ni ìlérí tí a ṣe níwájú gbogbo ayé, tí a kò sì padà wá sọ ohun tí ó dé bá a. Ní Florida, olólùfẹ́ lè dúró sí ẹ̀yìn odi kí ó ka irin tí wọ́n gbé dúró lóṣooṣù. Bí ó bá bínú, ó mọ ohun tí òun ń bínú sí. Ní Àgbádárìgì, kò sí irin kankan láti kà.

Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá kéde ohun ìran tuntun, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ọmọ ilé ìwé kọ́ láti bi àwọn àgbà. Èkíní, kí ni ó ń fa ìdúró náà, ṣé a sì lè fi ojú rí i? Èkejì, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i? Ẹ̀kẹta, kí ni a óò wó kí a tó kọ́ ọ? Bí ìdáhùn bá wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a fi sùúrù sí i, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí kò bá sí ìdáhùn, àkókò ti tó kí a pa òwe kejì, kí olè tó mú olóko.